Àìsàn Àjẹjù àti Dókítà Orí Tẹlifóònù

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé Ẹgbẹ́ Ọkùnrin àti Ẹgbẹ́ Obìnrin

Ẹ̀kọ́ tí a gbé ka iwájú yín nínú ìwé yìí jẹ mọ́ àìsàn kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ sí àìsàn. Orúkọ búburú ni a sábà máa ń pe ẹni tí ó bá ń ṣe. A ó pè é ní wọ̀bìà, a ó pè é ní alájẹkì, a ó sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi àríyá. Àwọn dókítà ní tiwọn ń pè é ní binge eating disorder. Àwa yóò máa pè é ní àìsàn àjẹjù nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí olúkúlùkù mú lọ sílé. Èkíní ni pé àìsàn ni, kì í ṣe ìwà nìkan. Èkejì ni pé ó ní ìtọ́jú, a sì lè gba apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ láti ẹnu dókítà lórí tẹlifóònù, kódà bí a bá wà ní Onitsha tí dókítà náà sì wà ní Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta ni pé ohùn ni tẹlifóònù lè gbé. Kò lè gbé ìlùkìkì ọkàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fún wa ní oògùn líle láìjẹ́ pé a wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wa, láìbéèrè ohun tí ń bẹ nínú wa, ọjà ni ó ń tà. Kò tọ́jú ẹnikẹ́ni.

I. Wọ̀bìà kọ́, àìsàn ni

Láti ìgbà àwọn baba wa ni a ti ń wí pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Òwe náà dára, nítorí ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó lè dá ara rẹ̀ dúró ṣùgbọ́n tí kò dúró. Ti ẹni tí ó fẹ́ dúró tí kò lè dúró ń kọ́? Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Wọ̀bìà a máa jẹun ní gbangba, oúnjẹ a máa dùn mọ́ ọn, yóò sì fọwọ́ pa ikùn. Ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe a máa jẹun ní kọ̀rọ̀, a máa gbé e mì kíákíá bí ẹni tí a ń lé, kì í sì í gbádùn rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ bá tán, ìtìjú àti ẹ̀dùn ọkàn ni yóò kù fún un.

Ní ọdún 1959 ni dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Albert Stunkard kọ àkọsílẹ̀ nípa irú àjẹjù yìí láàrin àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbà pé àrùn kan ni tí ó dá dúró. Ní ọdún 1994, ìwé ńlá tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn mọ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ṣì ń wádìí. Ní ọdún 2013 ni wọ́n tó gbé e wá sí àárín àwọn àrùn yòókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú fi í sínú ìwé àrùn tirẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Bí ó bá gba àwọn ọ̀mọ̀wé ní ohun tí ó lé ní 50 ọdún kí wọ́n tó fi ẹnu kò, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé a kò mọ̀ ọ́n ní ilé wa.

Àwọn àmì tí dókítà ń wò nìwọ̀nyí:

(1) Láàrin àkókò díẹ̀, bíi wákàtí 2, ẹni náà a máa jẹ oúnjẹ tí ó pọ̀ jù èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jẹ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ mọ́.

(2) A máa yára jẹun ju bí ó ti yẹ lọ. A máa jẹ títí ikùn yóò fi dùn ún. A máa jẹ nígbà tí ebi kò pa á. A máa dá jẹ nítorí ìtìjú. A sì máa kórìíra ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún yìí bá wà, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà.

(3) Ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, fún oṣù 3.

(4) Ẹni náà kì í fi ọwọ́ wọ ọ̀fun láti bì í, kì í sì í lo oògùn ìyàgbẹ́ láti fi lé e jáde. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àìsàn mìíràn tí ó jẹ́ ìbátan èyí ni, dókítà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀.

Kí a kíyèsí i pé a kò dárúkọ ìsanra nínú àwọn àmì wọ̀nyí. Ẹni tí ó sanra lè má ní àìsàn yìí rárá, ẹni tí kò sanra sì lè ní i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ikùn aládùúgbò rẹ̀ kí ó fi dá a lẹ́jọ́.

II. Bí ó ti ń wọ inú ayé oníṣòwò

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Main Market tàbí ní Ochanja mọ bí ọjọ́ ti ń lọ. A ó jí ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, a ó sáré lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà àkọ́kọ́ má bàa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. A ó fi omi tútù àti búrẹ́dì díẹ̀ tan ara wa jẹ, tàbí kí a má tilẹ̀ jẹ nǹkan kan. Ní ọ̀sán, ọjà gbóná. Nígbà tí a bá fi máa ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́, ebi ti pa wá fún wákàtí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le, yóò jẹ ẹ̀bà rẹ̀, yóò yó, yóò sì sùn. Ẹni tí àìsàn yìí bá ti ń dẹ ọdẹ rẹ̀ kò ní lè dúró síbẹ̀.

Ohun tí àwọn dókítà rí ni pé ebi tí a fi ọwọ́ ara ẹni fà ni ó sábà máa ń ṣílẹ̀kùn fún àjẹjù. Ẹni náà jẹ àjẹjù ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìtìjú mú un, ó pinnu pé òun kò ní jẹun títí di alẹ́. Alẹ́ dé, ebi ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá, ó sì tún jẹ ju ti àná lọ. Báyìí ni ó ń yí po bí ọlọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí a máa ń fún un pé kí ó gbààwẹ̀ kí ó lè ṣẹ́gun ọ̀fun rẹ̀ lè fi kún àìsàn náà. A kò sọ̀rọ̀ sí ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni; ohun tí a ń wí ni pé kí ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni a gbé wá sí ìhà ìhín tí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ kò bá wọn wá. Iyàrá kan ṣoṣo ni Fegge tàbí Odoakpu, kò sí ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀ ní èdè wa nígbà tí alẹ́ bá lẹ́. Ìdáwà, àníyàn owó, ìbànújẹ́ àti àìsùn a máa ti ènìyàn sí ìdí ìkòkò. Oúnjẹ a di ọ̀rẹ́ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀.

III. Ìtọ́jú tí a mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oògùn ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ tí ń là ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní NICE, wí pé kí a kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀kọ́ àti olùtọ́sọ́nà ran aláìsàn lọ́wọ́. Bí ìyẹn kò bá tó, kí ó wọ inú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, nínú ẹgbẹ́ tàbí òun nìkan pẹ̀lú olùtọ́jú, èyí tí ó lè gba ìjókòó 16 sí 20. Wọ́n sì fi kún un pé kí a má ṣe fi oògùn nìkan ṣe ìtọ́jú àìsàn yìí.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ? Kì í ṣe ìbáwí, kì í sì í ṣe ìwàásù. Aláìsàn yóò ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ ohun tí ó jẹ sí: aago mélòó, níbo, kí ni ó jẹ, kí ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn náà, a ó kọ́ ọ láti máa jẹun ní àkókò: oúnjẹ mẹ́ta lójúmọ́ àti ìpanu kékeré láàrin wọn, kí ó má ṣe kọjá wákàtí 3 tàbí 4 láìjẹ nǹkan. Fún oníṣòwò, èyí lè jẹ́ mọ́ínmọ́ín tàbí ọ̀kpá ní òwúrọ̀, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní agogo 11, oúnjẹ gidi ní ọ̀sán, kí ó tó wá kan ti alẹ́. Nígbà tí ebi kò bá jọba mọ́, a ó wá wádìí ìbànújẹ́, ìbínú tàbí ìdáwà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Oògùn ńkọ́? Ó wà. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àjọ tí ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn kan tí a ń pè ní lisdexamfetamine, tí a ń tà lórúkọ Vyvanse, fún àgbàlagbà tí àìsàn àjẹjù rẹ̀ bá pọ̀ níwọ̀n tàbí tí ó bá le. Òun ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àṣẹ sí fún àìsàn yìí. Ó ń dín iye ọjọ́ tí àjẹjù ń ṣẹlẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí a kọ sínú ìwé oògùn náà: kì í ṣe oògùn ìfọnra. Òwúrọ̀ ni a ń lò ó, nítorí ó lè lé oorun lọ. 30 miligíráàmù ni dókítà fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ sí 50 tàbí 70 bí ó bá ti rí i pé ara gbà á. Ẹnu gbígbẹ, àìsùn àti kí ọkàn máa sáré wà lára ohun tí ó lè fà. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó fẹnu kàn án.

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó fi àṣẹ sí i fún àìsàn yìí. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àìsàn àìlèfọkànsí nǹkan ni wọ́n fi àṣẹ sí i fún, kì í ṣe fún àjẹjù. Àwọn oògùn mìíràn tún wà, bí irú èyí tí a fi ń tọ́jú ìbànújẹ́ ọkàn, tí dókítà lè rò bí ìbànújẹ́ bá bá àjẹjù rìn. Dókítà ni yóò yàn. Kì í ṣe àwa, kì í sì í ṣe ẹni tí ń tà á.

IV. Ìdí tí òfin fi ń ṣọ́ oògùn yìí

Gbogbo ẹni tí ń gbé Anambra ti gbọ́ orúkọ mkpuru mmiri, oògùn olóró tí ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ́ ní ìhà ìhín. Ìdílé kan náà ni òun àti oògùn tí a ń sọ yìí ti wá. Nígbà tí lisdexamfetamine bá dé inú ara, ẹ̀jẹ̀ a máa yí i padà di dexamfetamine, èyí tí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1971 fi sí abẹ́ ìṣọ́. Kì í ṣe pé ohun kan náà ni wọ́n. Ọ̀bẹ tí ó wà lọ́wọ́ dókítà abẹ àti èyí tí ó wà lọ́wọ́ olè, irin ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lò ó láìsí ìtọ́sọ́nà, ó lè di bárakú fún un, ó sì lè ba ọkàn rẹ̀ jẹ́.

Amẹ́ríkà ti rí ohun tí ó wà nínú títa oògùn líle fún ẹni tí a kò rí. Ní ọdún 2001, ọmọkùnrin ọdún 18 kan ní ìpínlẹ̀ California, Ryan Haight, kú nítorí oògùn ìrora tí ó rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dókítà tí ó kọ ìwé oògùn náà kò fi ojú kàn án rí. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin kan ní ọdún 2008 tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, pé kí dókítà fi ojú rí aláìsàn kí ó tó kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, ìjọba wọn dẹ òfin náà, kí àwọn tí a sé mọ́lé lè rí ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ti sún ìdẹ̀kùn náà síwájú. Ó ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan sọ ọ́ di òwò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, wọ́n mú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pẹ̀lú ẹ̀sùn pé wọ́n ń pín oògùn tí ó jẹ́ ìbátan èyí fún àwọn tí kò yẹ kí wọ́n rí i gbà. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀ fún wa? Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lè jẹ́ pé dókítà orí tẹlifóònù ti kọ oògùn yìí fún ọmọ náà níbẹ̀, kí ó sì wí pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.” Ìfẹ́ ni ó mú un sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìyá wí pé rárá. Òfin Amẹ́ríkà kọ̀ ọ́ kí a fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí a kọ fún ẹnìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àjọ NDLEA sì ń ṣọ́ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó wọn ìfúnpá Màmá.

V. Ọjà oògùn tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa

Onitsha ni a ń gbé, a kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò mọ ọjà oògùn Ogbo Ogwu ní Bridge Head. Àwọn oníṣòwò olóòótọ́ wà níbẹ̀. Àmọ́ àjọ NAFDAC ti ọjà náà pa ní ọdún 2007, ó sì tún ti í pa ní oṣù kejì ọdún 2025, pẹ̀lú ti Idumota ní Èkó àti ti Aba, nítorí oògùn ayédèrú, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá àti èyí tí òfin kọ̀. Olórí NAFDAC ní ọdún 2007 ni Dora Akunyili, ọmọ Anambra. Àbúrò rẹ̀ obìnrin kú ní ọdún 1988 nítorí oògùn àtọ̀gbẹ ayédèrú. Obìnrin yẹn mọ ohun tí ó ń bá jà.

Ẹni tí ojú ń tì nítorí àìsàn àjẹjù ni ó rọrùn jù lọ láti tàn jẹ. Kì í fẹ́ kí a rí òun ní ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ ra oògùn ní kíá, kí ó fi sínú báàgì, kí ó máa lọ. Wọn a tà fún un ní tíì ìfọnra tàbí hóró oògùn aláìlórúkọ. Oògùn kan wà tí a ń pè ní sibutramine, tí a fi ń dín oúnjẹ kù nígbà kan. Ní ọdún 2010 ni a gbé e kúrò lórí àtẹ ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà nítorí ó ń fa àrùn ọkàn àti àrùn rọpá-rọsẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn èyí, a ti bá a ní ìkọ̀kọ̀ nínú oògùn ìfọnra tí wọ́n kọ “ewé àti egbò nìkan” sí lára. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 pẹ̀lú, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa abẹ́rẹ́ semaglutide ayédèrú, irú èyí tí a ń tà lórúkọ Ozempic. Abẹ́rẹ́ náà tilẹ̀ wà fún àtọ̀gbẹ. A kò fi àṣẹ sí i fún àìsàn àjẹjù.

VI. Bí a ti í gba ìtọ́jú lórí tẹlifóònù

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ohun rere tí tẹlifóònù lè ṣe. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àìsàn yìí, ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ sì ni tẹlifóònù mọ̀ ọ́n gbé jù. Ọ̀rọ̀ ìtìjú a sì máa ṣòro láti sọ ní èdè àjèjì. Arábìnrin kan lè gbọ́ Ìgbò dé àyè tí ó fi ń ná ọjà, kí ó sì má lè rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ fún dókítà bí ọkàn rẹ̀ ti rí ní òru. Lórí tẹlifóònù, ó lè bá dókítà tí ó gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀ láìgun ọkọ̀ kọjá afárá Niger. Àǹfààní ńlá ni èyí fún àwa tí a wà ní ìdálẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, kí ó tẹ̀lé ọ̀nà yìí:

(1) Kí ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo dókítà ní Nàìjíríà ni ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ MDCN, kí ó sì máa gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́dọọdún. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Dókítà tòótọ́ kò ní bínú.

(2) Kí ó kọ ìwé oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ṣáájú, bí a ti ṣàlàyé lókè, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ó ń lò, títí kan àgbo.

(3) Kí ó wá ibi tí etí kò sí. Ní àgbàlá tí iyàrá kọjú sí iyàrá, èyí ṣòro. Ẹni tí kò bá rí àyè, kí ó bá àwọn alàgbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n ṣí iyàrá kékeré fún un láìbéèrè ìdí.

(4) Kí ó lọ sí ilé oògùn tí ó ní àṣẹ tàbí sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ àti ìwúwo rẹ̀, kí ó sì kà á fún dókítà. Bí ìfúnpá bá ti dé 140 lórí 90, ọ̀rọ̀ pàtàkì ni fún ẹni tí a fẹ́ fún ní oògùn tí ń mú ọkàn sáré.

(5) Kí ó sọ òtítọ́. Dókítà yóò béèrè bóyá ó ń bì, bóyá ó ń mutí, bóyá àrùn ọkàn wà nínú ìdílé, bóyá ó lóyún, bóyá ó ti rò láti pa ara rẹ̀. Àwọn ìbéèrè yìí ni ẹ̀rí pé dókítà ni. Ẹni tí kò bá béèrè nǹkan kan lẹ́yìn iye owó, kí a sá fún un.

(6) Bí dókítà bá kọ oògùn, kí ó gbé ìwé náà lọ sí ilé oògùn tí apoògùn tí ó kọ́ṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ ìparí lára páálí.

(7) Kí ó padà lọ bá dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Bí àyà bá ń dùn ún, bí ọkàn bá ń já, tàbí bí èrò ikú bá dé, kí ó má dúró de tẹlifóònù. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Nnamdi Azikiwe wà ní Nnewi, kò jìnnà sí wa, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Enugu.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí mo bá lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ, wọn ó pè mí ní wèrè.” A gbọ́ ọ. Títí di oṣù kìíní ọdún 2023, òfin tí ó ń darí ọ̀ràn yìí ní ilẹ̀ wa ni Lunacy Act ti ọdún 1958, tí orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti lé ènìyàn padà sílé. Ní oṣù náà ni a fọwọ́ sí òfin tuntun tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn. Bí òfin bá lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà, àwa náà lè yí tiwa.

VII. Ipa tiwa gẹ́gẹ́ bí ìjọ

Ní ọdún 1954, dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ inú ọgbà, ó jẹ́ kí wọ́n máa gbé nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójoojúmọ́. Ayé gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó fi hàn ni pé oògùn nìkan kò tó. Aláìsàn nílò ẹni tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níhìn-ín ní Onitsha, ìjọ ni ẹbí fún ọ̀pọ̀ wa. Nítorí náà, kí a ṣíwọ́ fífi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣe ẹnikẹ́ni yẹ̀yẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ àti ìnáwó. Kí àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn súnmọ́ ara wọn máa jẹun ọ̀sán pọ̀. Ẹni tí ó bá ti jẹun ní ọ̀sán, agbára àjẹjù alẹ́ yóò dínkù. Kí a máa pe ẹni tí ó ń dá gbé lálẹ́, kí ó gbọ́ ohùn èdè rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì fi ọ̀ràn yìí hàn wá, kí a má ṣe sọ pé kí ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Kí a bi í léèrè bí yóò ti rí dókítà, kí a sì bá a lọ wọn ìfúnpá rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàrin wọ̀bìà àti ẹni tí àìsàn àjẹjù ń ṣe?

2. Báwo ni ebi ọ̀sán ṣe lè fa àjẹjù ní alẹ́? Kí ni a lè yí padà ní ṣọ́ọ̀bù wa?

3. Kí ni tẹlifóònù lè ṣe nínú ìtọ́jú yìí, kí sì ni kò lè ṣe?

4. Kí ni kí ìyá dá ọmọ rẹ̀ lóhùn bí ó bá fẹ́ fi oògùn tirẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun?

5. Iyàrá wo ni a lè yà sọ́tọ̀ nínú ilé ìjọ fún ẹni tí ó fẹ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ta ni kí ó sì máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀?